Bí Igi Dánìkànso Ṣe Di Asofẹ́yẹjẹ

Ní ayé ọjọ́un, nígbà tí èèyàn bá kí igi tí igi sì ń dáhùn, igbó ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkìtì-Ewé. Ẹfọ̀n ni ọba gbogbo ẹranko ibẹ̀. Ẹ̀gà, ẹyẹ kékeré tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè, ni aládùúgbò rẹ̀.

Orí igi ọ̀pẹ tó wà níwájú ààfin Ẹfọ̀n gan-an ni Ẹ̀gà àti ẹbí rẹ̀ so ilé wọn rọ̀ sí. Ogójì ilé ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á sọ àlá tí wọ́n lá, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, wọ́n á tún bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí wọn nígbà náà. Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ a máa jókòó sábẹ́ igi náà, a máa rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi máa mì.

Nígbà tó yá, àìsàn kan yọ́ wọ ara Ẹfọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Iṣan ọrùn rẹ̀ wú bí ìtàkùn. Etí rẹ̀ ń hó bí ìkòkò orí iná. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, orí sì ń fọ́ ọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Nígbà mìíràn, ohun kan ṣoṣo á di méjì lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ẹtù wá kí i, Ẹfọ̀n sì bá a wí pé kí ló dé tó fi mú ìkejì rẹ̀ wá láìsọ fún òun. Ẹtù wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó ní àwọn méjèèjì tọrọ àforíjì, ó sì sáré lọ sílé.

Ẹfọ̀n kò fẹ́ gbọ́ ariwo mọ́, bó ti wù kó kéré tó. Ni òfin bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sín láìgbàṣẹ. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ní láti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n máa ké lọ́kọ̀ọ̀kan. Akókó, ẹyẹ tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi, ní láti fi òwú we ẹnu rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kódà Ẹfọ̀n ránṣẹ́ sí òjò pé kó wá sọ ẹni tó fún un láṣẹ láti máa pa òrùlé òun. Òjò kò dáhùn. Nígbà tó sì wá lọ́sẹ̀ kejì, tòun tààrá ló wá.

Òfin tó kan Ẹ̀gà ló le jù. Wọ́n ní kí òun àti ẹbí rẹ̀ panu mọ́ pátápátá.

Wọ́n gbìyànjú. Kálukú já ewé kan, ó fi há ẹnu. Ní ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ kún inú wọn. Ní ọjọ́ kejì, inú wọn wú. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gà kan tilẹ̀ wú débi pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ wọlé mọ́. Ṣe ló dúró síta tó ń fi ojú kí àwọn tó ń kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹyin kan pa nínú ilé Ẹ̀gà. Ọmọ náà yọrí síta, kò tíì ní ìyẹ́ kankan lára. Ó wo ayé, ó ní, "Píì?"

Ewé bọ́ lẹ́nu Ẹ̀gà. Ta ni yóò bímọ tí kò ní kí i káàbọ̀? Ó kí ọmọ rẹ̀. Ilé kejì bá a kí i. Ilé kẹta béèrè bóyá ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ogójì ilé ti tú ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹfọ̀n fò dìde nínú ààfin. Òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú, ó tún dìde, ó sì bọ́ síta tòun ti ìwo. Ó ní ẹnu òun ni ìdájọ́ ti jáde: bó bá di ọjọ́ méje òní, òun yóò wó igi ọ̀pẹ náà lulẹ̀, tilé tilé, tẹyin tẹyin.

Ẹ̀gà gbọ́, ó wo àwọn ilé náà yíká. Àwọn àgbà ẹyẹ lè fò lọ. Ṣùgbọ́n ẹyin mọ́kàndínlógún ló ṣì wà nínú àwọn ilé yẹn, ẹyin kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fò. Ọmọ tirẹ̀ náà kò lè ṣe ju kó máa la ẹnu lọ. Ó ronú títí. Lẹ́yìn náà, ó fò sọ̀ kalẹ̀, ó dúró síwájú imú Ẹfọ̀n, níbi tí èémí ọba náà ti ń gbá a síwá sẹ́yìn.

"Kábíyèsí," ó ní, "bí orí tó ń fọ́ yín bá dákẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ó fi igi wa sílẹ̀?"

Ẹfọ̀n tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀gà méjì ló rí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì dọ́gba. Ó ní bí orí òun bá lè dákẹ́, kódà bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé sórí ìwo òun, òun kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje náà ni òun fún wọn.

Kíá ni Ẹ̀gà fò lọ sọ́dọ̀ Ìgbín. Ìgbín ni àgbà oníṣègùn Òkìtì-Ewé, kò sí ewé tí kò tíì fi ikùn wọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ààfin ni ilé rẹ̀ wà. Ọjọ́ kejì ló dé. Ó ní kí wọ́n má bínú, eré ni òun sá wá.

Ìgbín gun ọrùn Ẹfọ̀n, ó gbé ìwo rẹ̀ kékeré lé iṣan tó wú náà, ó sì ń tẹ́tí sílẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ẹ̀gà fi ìyẹ́ apá bo ẹnu ara rẹ̀ kó má baà bi í léèrè ohun tó ń gbọ́.

Nígbà tí Ìgbín sọ̀ kalẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ nínú ara dà bí èrò tó ń ti oko bọ̀. Bí ọ̀nà bá gbòòrò, wọ́n á rọra kọjá, wọ́n á tilẹ̀ máa kí ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ Ẹfọ̀n ti fún, wọ́n sì ti le bí ìtàkùn gbígbẹ. Ni ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agídí kọjá, ó ń ti ògiri ọ̀tún, ó ń ti ògiri òsì. Títì yẹn ló ń wú lọ́rùn rẹ̀. Títì yẹn náà ló ń hó létí rẹ̀.

"Bí a kò bá rọ ọ̀nà náà," ni Ìgbín wí, "ọ̀kan nínú wọn á bẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọba á ṣubú, kò sì ní dìde mọ́."

Ẹ̀gà wo Ẹfọ̀n. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ìdájọ́, ẹ̀rù ọba náà nìkan ló ń bà á. Ìgbà yìí ni àánú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe é.

Ìṣápá ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìṣápá kó òdòdó rẹ̀ pupa wá, wọ́n sè é, Ẹfọ̀n sì mu ìkòkò kan gbáko. Ahọ́n rẹ̀ pọ́n. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé láti tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí oòrùn tó wọ̀. Orí fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ náà ni. Ìgbín ní ìṣápá ṣe dáadáa, bí ẹni tó wọ́n omi sí igbó tó ń jóná ló sì rí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Aáyù. Ẹfọ̀n run orí aáyù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó la ẹnu láti dúpẹ́, gbogbo ìjòyè tú ká. Ìmàdò, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, gba ojú fèrèsé jáde. Ààfin wá parọ́rọ́. Ẹfọ̀n ní irú oògùn yìí ni òun ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí òórùn náà ṣe lọ tí èrò padà dé, bẹ́ẹ̀ ni orí fífọ́ náà bá wọn wọlé.

Ìgbín fa Ẹ̀gà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní oògùn kan ló kù. Gbòǹgbò Dánìkànso ni.

Ẹ̀gà mọ Dánìkànso. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Igi etí odò ni, ewé rẹ̀ máa ń yọ ní mẹ́rin mẹ́rin yí ẹ̀ka ká, èso rẹ̀ sì pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu kan kò tọ́ èso náà wò rí. Bí ẹranko tàbí ẹyẹ bá sún mọ́ ọn, igi náà á ro oje funfun sí i lójú. Òun nìkan ló ń so, òun nìkan ló ń wo ohun tó so. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Dánìkànso.

Ẹ̀gà fò lọ bá a lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó bà sórí kùkùté kan níbi tí oje kò lè ta dé, ó kí i. Dánìkànso kò dáhùn. Ó tún kí i. Nígbà tí kò sí èsì, Ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ Ẹfọ̀n fún un, ó sọ̀rọ̀ Ìgbín, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wú. Ó sọ bí Ìmàdò ṣe há sójú fèrèsé tó ń ju ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí igi náà fi gbà láti dá a lóhùn, kó lè sinmi.

"Gbòǹgbò mi ni ẹsẹ̀ mi," ni Dánìkànso wí. "Ta ní í gé ẹsẹ̀ tirẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Ẹ̀gà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó sorí kọ́. Bó sì ṣe wolẹ̀ ni ó rí àwọn igi kéékèèké lábẹ́ Dánìkànso. Wọ́n tín-ín-rín bí okùn, àwọ̀ wọn ti ṣì, ewé wọn sì ti ń rọ. Ó béèrè ọmọ ta ni wọ́n.

Nígbà tí igi náà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní ọmọ òun ni wọ́n. Ibi tí èso òun bá bọ́ sí náà ni wọ́n ń hù sí, òjìji òun sì ń bo oòrùn mọ́ wọn lójú. Òun kò lẹ́sẹ̀ tí òun lè fi gbé wọn lọ síbòmíràn. Ọdọọdún ni òun ń bí wọn, ọdọọdún náà ni òun ń wò wọ́n tí wọ́n ń kú. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń ṣọ́ èso òun lójú méjèèjì, torí òun rò pé bí wọ́n bá pọ̀ tó, ọ̀kan á yè lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀gà rántí ọmọ rẹ̀ tí kò ní ìyẹ́. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó fò kúrò lórí kùkùté, ó sún mọ́ igi náà ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìyá," ó ní, "ẹ fún wa jẹ."

Oje bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sórí ẹ̀ka. Kíákíá ni Ẹ̀gà ṣàlàyé. Ó ní ẹran ara èso nìkan ni ẹyẹ ń jẹ, kóró inú rẹ̀ kì í dà nínú ikùn wọn. Ẹyẹ á jẹ ẹ́ níhìn-ín, á fò kọjá odò, á fò kọjá òkè, kóró á sì bọ́ sílẹ̀ níbi tí oòrùn wà. Ẹsẹ̀ tí ìyá kò ní, àwọn ní ìyẹ́ apá tí wọ́n lè fi dípò rẹ̀.

Oje náà dúró. Dánìkànso béèrè ibi tí kóró náà máa gbà jáde lára ẹyẹ.

Ẹ̀gà wúkọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá sọ ọ́ sétí ewé tó súnmọ́ ọn jù.

Ewé igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀gà rò pé ìbínú ni, ó ti ń múra àtisá. Àṣé ẹ̀rín ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín Dánìkànso rí, bó sì ti ń dún nìyẹn, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí ewé kókò.

"Inú ìgbẹ́ ni àwọn ọmọ mi máa gbà dé ayé?"

"Tòun ti ajílẹ̀ wọn, Ìyá," ni Ẹ̀gà wí.

Bí wọ́n ṣe dá májẹ̀mú nìyẹn. Dánìkànso yóò fún wọn ní gbòǹgbò kan ṣoṣo, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ìyókù. Ẹyẹ yóò máa jẹ èso rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, wọn yóò sì máa gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹ̀gà pe ẹbí rẹ̀ wá. Gbogbo wọn fi ẹnu mú gbòǹgbò náà bí okùn, wọ́n fà á, wọ́n fà á. Igi náà gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ fún wọn. Gbòǹgbò já lójijì, ogójì ìdílé sì ta bìrì sínú odò.

Ìgbín bó èèpo gbòǹgbò náà, ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sè títí omi rẹ̀ fi korò. Ó gbé ìkarahun ìgbín kékeré kan kalẹ̀ fún òṣùwọ̀n. Ó ní ìkarahun kan láàárọ̀, ìkarahun kan ní ìrọ̀lẹ́, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹfọ̀n wo ìkarahun, ó wo ara rẹ̀. Ó béèrè bóyá ọ̀fun Ẹ̀gà ni wọ́n rò pé òun ní. Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú láti wá ìkarahun míì tó tóbi díẹ̀. Kó tó yíjú tán, Ẹfọ̀n ti gbé ìkòkò, ó ti da gbogbo rẹ̀ mu.

Ó yán. Yíyán náà ran Ìmàdò, ó ran Ẹtù, ó ran gbogbo ààfin. Ẹfọ̀n wá nà gbalaja sílẹ̀, ó sùn. Ìgbín ní wàhálà dé, òun ń sáré lọ sílé lọ mú ewé tí yóò ta á jí. Ó sì gbéra.

Ọjọ́ kan kọjá, Ẹfọ̀n kò mira. Ọjọ́ kejì tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Ọjọ́ náà ló pé ọjọ́ méje tó dá fún wọn. Ìmàdò wá wò ó. Ó gbé etí lé ìdí Ẹfọ̀n, ó ní òun kò gbọ́ kí ọkàn rẹ̀ lù, ọba ti wàjà. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá. Ó jókòó sórí àga ọba, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú Ẹ̀gà tó fún ọba ní májèlé, kí wọ́n sì wó igi ọ̀pẹ náà kó tó di ọ̀sán, nítorí àṣẹ tí òkú pa kì í yẹ̀.

Wọ́n mú Ẹ̀gà. Láti ibi tó wà, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lókè tó ń tọrọ oúnjẹ. Ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó bi ara rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni òun ti pa ọba. Ó bẹ Ìmàdò pé kó jẹ́ kí òun dágbére fún Ẹfọ̀n. Ìmàdò ní kó má pẹ́.

Ẹ̀gà bà sétí Ẹfọ̀n. "Kábíyèsí," ó ní, "èmi ni. Igi wa ni wọ́n fẹ́ wó."

Kò sí èsì. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gà rí irun kan létí Ẹfọ̀n tó gbọ̀n. Ó gbójú sókè, ó pe ẹbí rẹ̀. Gbogbo wọn rọ̀ sílẹ̀ gììrì, wọ́n tò yí etí náà ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n jẹ, wọ́n sọ bí omi odò ṣe tutù tó. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gà ń rọ́ àlá kan nípa eèsún tó hu irùngbọ̀n. Ìmàdò fi ẹsẹ̀ méjèèjì di etí.

Etí Ẹfọ̀n mì. Ojú rẹ̀ kan là, ìkejì tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹyẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n ń dúró de ìwo.

Ẹfọ̀n wò wọ́n, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ máa bá a lọ," ó ní. "Mi ò tíì gbọ́ ibi tí àlá yẹn parí sí."

Ìmàdò fò kúrò lórí àga. Ibi tó balẹ̀ sí ni kòtò tó ní kí wọ́n gbẹ́.

Ọrùn Ẹfọ̀n ti pẹlẹbẹ. Etí rẹ̀ kò hó mọ́. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ dí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ bí ẹ̀kọ tútù fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí Ìgbín padà dé tòun ti ewé tó fẹ́ fi ta á jí, ó bá ọba náà wí níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní oògùn tó ń rọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn ẹ̀mí bí wọ́n bá mu ún jù. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìgbín fúnra rẹ̀ ló ń wọn oògùn náà, Ẹfọ̀n sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gba ìkarahun kékeré bí ọmọdé. Igi ọ̀pẹ wà ní ìdúró. Ẹyin mọ́kàndínlógún pa.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn òjò ọdún náà, Ẹ̀gà fò dé etí odò. Kò kí ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ìyá, mo rí i. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, lódìkejì odò. Ó ga jù mí lọ. Oòrùn ń ràn sí i lórí."

Igi náà ní kó tún un sọ. Ẹ̀gà tún un sọ. Igi náà béèrè bóyá ewé rẹ̀ tutù. Ẹ̀gà ní ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé kì í rẹ òun bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ ẹni tó ń gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò ti pe igi yìí ní Dánìkànso mọ́. Asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ń pè é títí dòní. Láti ọjọ́ náà ni èso rẹ̀ ti jẹ́ ti ẹyẹ lókè, tí oògùn rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n nìkan. Ẹ lè rí i lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ lè rí i láàárín oko àgbàlagbà kan tí yóò ní òun kò gbìn ín. Òótọ́ ló sọ. Ẹyẹ kan ló gbé e débẹ̀.